Màmá mi ò lè wé gèlè mọ́: kí ló ń ṣe ọrùn àti èjìká àwọn obìnrin wa?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá, màmá mi jókòó síwájú dígí nílé wa ní Ẹdẹ, gèlè wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì wé e. Mo rò pé ó ṣì ń ro irú wíwé tó fẹ́ wé ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pè mí: "Wá bá mi wé nǹkan yìí. Ọwọ́ yìí ò gòkè mọ́." Obìnrin tí gbogbo àdúgbò máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé pé kó bá àwọn wé gèlè! Mo wé e bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó wọ́ díẹ̀ sápá kan. A lọ síbi ìnáwó, a jẹun, a jó. Òun ò jó púpọ̀.

Télọ̀ ni màmá mi. Ó ti lé lọ́dún 25 tó ti wà nídìí maṣíìnì, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò sì jìnnà sí Ọjà Tìmì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ "ọrùn mi o", "èjìká mi o", débi pé etí mi ti kú sí i. Bó bá ti sọ ọ́, màá wá Róòbù, màá bá a fi pa á, ó parí. Ẹ̀yin náà, ẹ rántí ìgbà tí màmá yín tàbí àǹtí yín sọ irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣé ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn ẹ̀? Èmi ò bi í. Mo kàwé sáyẹ́ǹsì ní Pólì Ẹdẹ, mo mọ orúkọ kòkòrò àìfojúrí lóríṣiríṣi, mi ò sì mọ ohun tó ń ṣe èjìká obìnrin tó fi owó aṣọ rírán san owó ilé-ìwé mi. Ojú tì mí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Orí wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ

Orí àgbàlagbà máa ń tó kílò 5 tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí wọ́n fi ń ta òróró, kí ẹ gbé e. Bó ṣe wúwo nìyẹn. Eegun 7 ló wà lọ́rùn tó ń gbé e dúró. (Àgùnfọn náà, pẹ̀lú gbogbo gígùn ọrùn ẹ̀, eegun 7 náà ni tiẹ̀. Kò kan ọ̀rọ̀ wa, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.)

Bí orí bá wà lókè ọrùn ṣánṣán, eegun ló ń rù ú, iṣan ò ṣe ju kó máa tọ́ ọ sọ́nà lọ. Ẹ má gbàgbé pé nǹkan púpọ̀ là ń pè ní iṣan ní Yorùbá, títí kan ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Níbí, ẹran ara tó ń sún kì tó sì ń nà ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ á yí padà tí ẹ bá tẹrí ba. Ẹ lọ mú ọmọ odó nílé ìdáná, kí ẹ di ìdí ẹ̀ mú, kó dúró ṣánṣán. Ó rọrùn, àbí? Ẹ wá jẹ́ kó máa dà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ọmọ odó kan náà ni, kò wúwo sí i rárá, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bí ẹrù bá ti ń jìnnà sí ibi tí a ti dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí a nílò láti dá a dúró á máa pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí iṣan ẹ̀yìn ọrùn ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí orí bá dà síwájú.

Ní 2014, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan ní New York, Kenneth Hansraj, fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹ̀. Nígbà tí orí bá dúró ṣánṣán, nǹkan bíi kílò 5 ni ọrùn ń rù. Bó bá tẹ̀ síwájú ní dígírì 30, ó di bíi kílò 18. Ní dígírì 60, ó di kílò 27. Ìṣirò ni o, kì í ṣe pé ó wọ̀n ọ́n lára ènìyàn, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà yẹn búra. Ṣùgbọ́n ọmọ odó yín náà á jẹ́rìí pé ọ̀nà tó gbà yẹn tọ́.

Dígírì 60 yìí náà sì ni ẹ̀yin tó ń kà á lórí fóònù wà báyìí, ẹ má ṣe bíi pé màmá mi nìkan ni mò ń bá wí.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tó kọ́kọ́ jí

Ẹ fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú, láàárín ọrùn àti orí èjìká. Ẹran tó ki níbẹ̀, apá kan lára iṣan tí wọ́n ń pè ní trapezius ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó tẹ́ dé èjìká méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn. Òun ló ń bá wa gbé èjìká, òun ló ń gba ìwúwo apá tí a bá na ọwọ́ síwájú. Ẹni tó ń ti aṣọ wọ abẹ́ abẹ́rẹ́, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ẹni tó jókòó síwájú agbada tó ń yan gàrí, òun ni gbogbo wọn ń lò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe iṣẹ́ agbára ló ń ba iṣan yìí jẹ́ jù. Àìsinmi ni. Iṣan dà bíi kànìnkànìn: bó bá sún kì, ẹ̀jẹ̀ á fún jáde lára ẹ̀, bó bá tú, ẹ̀jẹ̀ tuntun á wọlé. Ẹni tó ń gúnyán ń sún un, ó ń tú u, ó ń sún un, ó ń tú u. Ẹni tó na ọwọ́ síwájú fún wákàtí kan ò tú u rárá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni agbára tó ń lò, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò ráyè wọlé dáadáa.

Ní 1991, onímọ̀ kan ní Sweden, Göran Hägg, mú àlàyé kan wá tí wọ́n sọ lórúkọ Cinderella, ọmọbìnrin inú àlọ́ òyìnbó yẹn. Àwa lè pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀. Inú iṣan kan, fọ́nrán tín-tìn-tín pọ̀ lọ súà, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ dìde, àwọn ńlá á dìde tí iṣẹ́ bá le. Tí iṣẹ́ bá rọ̀, àwọn ńlá á lọ jókòó, àwọn kéékèèké á ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ jí, àwọn ló sùn kẹ́yìn, bí ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kò láàánú. Nítorí náà iṣẹ́ tó dà bíi pé kò le, tí kò sì dáwọ́ dúró, lè pa àwọn fọ́nrán kan náà lára lójoojúmọ́ fún ọdún 20. Àlàyé yìí ò yanjú gbogbo ẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a fà á. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n lóye gbólóhùn kan tí màmá mi máa ń sọ: "Mi ò ṣe nǹkan kan lónìí, mo kàn jókòó ránṣọ ni, ara wá ń ro mí bí ẹni tó lọ oko."

Mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé kan tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Aṣọ ẹbí kún ilẹ̀. Mo tẹ aago fóònù mi. Nínú ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú 47 ni orí màmá mi fi dà sílẹ̀. Obìnrin kan, wákàtí kan, ẹ má pè é ní ìwádìí. Mo tún ya àwòrán ènìyàn láti ẹ̀yìn sínú ìwé, mo ní kí gbogbo wọn nínú ṣọ́ọ̀bù sàmì sí ibi tó ń dùn wọ́n. Èmi kọ́ ni mo hùmọ̀ ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní àríwá Yúróòpù ti gbé irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde láti 1987, wọ́n pín ara sí ọ̀nà 9, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé títí di òní. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó kéré jù níbẹ̀, ọmọ ọdún 17, sàmì sí ọrùn àti èjìká ọ̀tún. Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ó ní látìgbà tó ti wọṣẹ́ ni, pé Màdáámù sọ fún òun pé ara òun ò tíì mọ iṣẹ́ ni. Mo wo Màdáámù. Màdáámù ń wá ṣáká kiri.

Ilé tún ń dúró

Bó bá jẹ́ maṣíìnì nìkan ni, àwọn télọ̀ ọkùnrin náà wà. Ọrùn ń dun àwọn náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣèwádìí, obìnrin ló ń sọ pé ọrùn àti èjìká ń dun òun ju ọkùnrin lọ. Ní Nàìjíríà níbí, Adegoke, Akodu àti Oyeyemi tẹ ìwádìí jáde ní 2008 nípa àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń bá wa tọ́jú ara ríro. Ó lé ní ẹni 9 nínú 10 tó sọ pé iṣẹ́ òun ti mú kí ara dun òun láàárín oṣù 12. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù, ọrùn náà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀ lára àwọn obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń jókòó nìyẹn o!

Lóòótọ́, iṣan apá òkè ara obìnrin kì í sábà lágbára tó ti ọkùnrin, nítorí náà ẹrù kan náà ń gba ìpín tó pọ̀ jù nínú agbára tó ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ kan ní ilé wa. Aago márùn-ún àbọ̀, ó ti jí. Ó gbálẹ̀ àgbàlá, ìgbálẹ̀ wa ò ní igi gígùn, nítorí náà ó tẹ̀, ọrùn tẹ̀. Ó pọn omi. Ó dáná. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ránṣọ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó gba ọjà lọ, ó ru ẹrù bọ̀. Ó gún iyán tàbí ó ro àmàlà. Ní ọjọ́ Àìkú, ó fọ aṣọ, ó sì fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ wa, kílò 11, ó pọ̀n ọ́n mọ́ ẹ̀yìn. Iṣan wo ni gbogbo èyí ń lò? Ọmọ ọ̀dọ̀ kan náà ni. Bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó, ó tan rédíò. Mi ò bú u o, ẹ máa jẹ́ kó ka èyí. Èmi náà jókòó, mo tẹ fóònù.

Ní 1989, Marianne Frankenhaeuser àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ Volvo ní Sweden. Wọ́n wo àwọn hòmóònù tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ènìyàn bá wà lábẹ́ wàhálà. Láàárín àwọn ọ̀gá iṣẹ́, wọ́n rí i pé hòmóònù noradrenaline àwọn ọkùnrin máa ń wálẹ̀ tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ lọ sílé. Ti àwọn obìnrin tún ń gòkè ni. Ara ọkùnrin mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán, ara obìnrin mọ̀ pé ó kù. Wàhálà ọkàn nìkan náà sì lè mú kí trapezius sún kì, bí ọwọ́ ò tilẹ̀ gbé ohunkóhun. Ẹ wo èjìká yín nígbà tí ẹ bá ń ronú owó ilé. Ẹ ó rí i pé ó ti ń gòkè lọ sí etí.

Omi tí a ń rù

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi, kílò 25 ni. Ẹni tó ń gbé òkè téńté, tí kò ní kànga, á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti rò ó pé ẹrù orí ló burú jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Ní 1986, Maloiy àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ nínú ìwé Nature pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya lè ru ẹrù tó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara wọn, kí mímí wọn má sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ru nǹkan kan. Gbogbo ayé pariwo: ẹ wo ọgbọ́n àwọn obìnrin Áfíríkà! Nígbà tó yá, Ray Lloyd àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe tiwọn pẹ̀lú àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010. Wọn ò rí i pé ẹrù orí rọrùn ju ẹrù ẹ̀yìn lọ. Wọ́n bi àwọn obìnrin náà léèrè bó ṣe ń ṣe wọ́n, wọ́n sì sọ pé ọrùn ń dun àwọn.

Ní 2018, Jo-Anne Geere àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti South Africa, Ghana àti Vietnam. Àwọn tó ti ń pọn omi rù ló ń sọ jù pé ọwọ́ àti òkè ẹ̀yìn ń dun àwọn. Ẹrù tó wà lórí ṣánṣán ò ṣe bíi ọmọ odó tó dà síwájú, òótọ́ ni, òṣùká sì ń bá a tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ó ń tẹ eegun ọrùn mọ́ra wọn látòkè. Èyí tó burú jù, lójú tèmi, ni ìgbà tí a ń gbé e sórí àti ìgbà tí a ń sọ̀ ọ́, tí ẹnì kan ò bá sí nítòsí láti bá wa rù ú. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, sàn ju kẹ́ẹ̀gì 25 kan lórí lọ. Bárò sàn ju gbogbo ẹ̀ lọ tí ọ̀nà bá dáa.

Ohun tí èmi ò fọkàn sí

Títí dé ibí, mo ti pinnu pé maṣíìnì ló fa ti màmá mi. Mo ti ní ìdáhùn kí n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Lóòótọ́, ọrùn, maṣíìnì ni. Ṣùgbọ́n èjìká òsì tí kò gòkè mọ́ yẹn, ọ̀tọ̀ ni.

Físíò tó rí wa ní Òṣogbo, ọmọdébìnrin kan tí kò jù mí lọ, kúnlẹ̀ kí màmá mi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè fún mi." Ó dúró sí àárín ọ̀nà. Ó wá ní, "Ẹ tú ara sílẹ̀, èmi ni màá gbé e." Òun náà gbé e, kò kọjá ibi tó dúró sí yẹn. Ó yí apá náà síta, kò yí. Ó ṣàlàyé fún mi pé tó bá jẹ́ iṣan ló ń dunni, ẹlòmíràn sábà máa ń lè gbé ọwọ́ náà kọjá ibi tí oníǹkan lè gbé e dé. Tí ẹlòmíràn náà ò bá lè gbé e, ìsopọ̀ fúnra ẹ̀ ló ti le. Awọ tó bo oríkèé èjìká ti ki, ó ti sún kì. Frozen shoulder ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èjìká tó dì. Ó máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, láàárín ọdún 40 sí 60 jù, ó sì lè gba ọdún kan sí mẹ́ta kó tó tú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bi í léèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò rí?"

Kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ wà lára àwọn tí èjìká dídì ń mú jù. Wọ́n gún un níka, ó ga. Wọ́n ní ká padà wá láìjẹun, ó tún ga.

Físíò tún ní ká kó gbogbo oògùn tó ń lò wá. Nínú ọ̀rá kékeré tí kẹ́míìsì kan ti ń dì fún un láti oṣù mélòó kan, tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ lára. Màmá mi fẹ́ràn ẹ̀, ó ní òun nìkan ló ń bá òun ṣe é. Prednisolone ni. Oògùn gidi ni ní ọwọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ṣúgà gòkè. Dókítà ò ní kó já a sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó ti lò ó pẹ́ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín in kù. Nítorí náà, tí ẹ bá rí irú oògùn aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má dà á nù fúnra yín, ẹ gbé e lọ fi han dókítà.

Mo tún bi físíò nípa àwọn ìrora tí kò yẹ kéèyàn fi Róòbù sí, ó kà wọ́n fún mi kíákíá. Èjìká tàbí apá òsì tó ń dunni pẹ̀lú àyà tó ń fún àti òógùn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ọrùn tó le gan-an pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, bẹ́ẹ̀ náà. Ọwọ́ tó ń kú, tó ń jábọ́ nǹkan, tàbí ẹsẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn tí ọrùn ti ń dunni, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìrora tó ń jí èèyàn lóru tí ara sì ń rù, bákan náà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, káfíńtà kan fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ méjì tó jìnnà sí i lára tábìlì maṣíìnì, kó lè dà sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Ní ọjọ́ kìíní, màmá mi ní ṣáká ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. A lẹ igi tín-ínrín kan sétí ẹ̀. A fi tìmùtìmù sórí àga. Orí ẹ̀ ò dà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìsinmi ló ṣòro jù láti gbà láyè. Ó ní òun ò lè máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí bí ẹni tó ń lọ tọ̀. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé a gbé áyọ́ọ̀nù lọ sí ìgun kejì ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ran ojú kan, ó gbọ́dọ̀ dìde lọ lọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, tiwọn rọrùn. Ní 2011, Lars Andersen àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Denmark gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì 198, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ọrùn àti èjìká ń dùn. Àwọn kan ń fa rọ́bà fún ìṣẹ́jú 2 péré lóòjọ́, àwọn kan fún ìṣẹ́jú 12, fún ọ̀sẹ̀ 10. Ara tu àwọn méjèèjì ju àwọn tí kò fà á lọ, àwọn oníṣẹ́jú 2 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè tó àwọn oníṣẹ́jú 12. Mo ra rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, mo gé e. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín ẹ̀, ẹ di etí ẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ gbé apá sí ẹ̀gbẹ́ títí dé ibi èjìká, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ó fi máa rẹ̀ yín. Ẹni tí èjìká ẹ̀ ti dì ò gbọ́dọ̀ ṣe èyí láìbi físíò. Wọ́n ń ṣe é ní aago méjìlá, pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ ọdún 17 yẹn sì ni olórí.

Ti màmá mi, títẹ̀ba díẹ̀ ni, kó jẹ́ kí apá so bí aago, kó máa fì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ṣúgà ti ń wálẹ̀. Ọwọ́ òsì ti dé etí, kò tíì dé ìpàkọ́. Ní Sátidé tó kọjá, ó wé gèlè fún aládùúgbò wa kan, ó jókòó lórí àga gíga, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ lórí àpótí. Tiẹ̀, èmi ni mo wé e. Ó wo dígí, ó ní apá ọ̀tún ti wọ́.